Ọgbà Onírin Aláwọ̀ Méjì

Ẹ̀yin ọmọ Gàníyù, ẹ fi àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn sílẹ̀ kí wọ́n má baà já lé yín lẹ́sẹ̀. Bàbá yín ló ní kí wọ́n kó wọn wá, ó sì fẹ́ kí àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ó ní kí n fún òun lésì lónìí: ṣé kí wọ́n hú ọgbà onírin yìí kúrò, kí wọ́n mọ ògiri gíga rọ́pò rẹ̀, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀? Mo ti ní èsì rẹ̀ lápò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí ọgbà kan ṣoṣo fi jẹ́ búlúù lọ́dọ̀ wa, tó sì jẹ́ aláwọ̀ ewé lọ́dọ̀ Màmá Nyeche tó múlé tì wá. Bí mo bá dáhùn tiyín tán, ẹ ó ti mọ ohun tí màá sọ fún bàbá yín. Ẹ jókòó. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí ò ń fi Pidgin yọ àbúrò rẹ lẹ́nu, dá a dúró ná, Yorùbá ni mo fẹ́ fi sọ èyí.

Nígbà tí mo kọ́ ilé yìí, ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni. Awakọ̀ ni mí. Mò ń fi bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ kan kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí èbúté Onne láàárọ̀, mo sì ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Oko ẹ̀gẹ́ àti koríko ló yí wa ká. Ọmọ Ikwerre kan, onílẹ̀ ibí, tí a ń pè ní Pápá Nyeche ló gé ilẹ̀ fún mi lára ilẹ̀ ìdílé wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ Màmá Nyeche ni. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ bá dúró ní ìkóríta tí ẹ wo òpópó yìí dé ìsàlẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí olúkúlùkù ń sè. Ọgbà onírin ni gbogbo wa ní. Ẹni tó ń fọṣọ, ẹ rí i. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, ẹ rí i, ẹ ó sì ké sí i láti ojú títì pé kó mú sùúrù. Àṣírí ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n olè náà ò ríbi sá pamọ́ sí.

Páìpù àlòkù ni wọ́n fi ṣe ọgbà yìí. Lójú ọ̀nà Onne ni mo ti rà wọ́n, mo wá lọ bẹ jórinjórin kan ní Mile One pé kó wá bá wa jó o pọ̀. Àjọṣe èmi àti Pápá Nyeche ni, nítorí ọgbà tó bá wà láàárín ilé méjì, ti àwọn méjèèjì ni. Iṣẹ́ ti fẹ́ parí nígbà tí ìyá yín àgbà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, pe jórinjórin, ó ní kó yọ irin kan kúrò láàárín. Ọkùnrin náà ní kí ló dé. Ìyá yín wọlé, ó gbé àwo kan jáde, ó fi wọn àlàfo náà. Ó ní, "Bí àwo yìí ò bá lè gba ibẹ̀ kọjá, ọgbà kọ́ lo ṣe fún wa, ẹ̀wọ̀n ni." Báyìí ni a ṣe ní ihò yẹn tí ẹ ń fi ọwọ́ bọ̀, tí a ń pè ní ọ̀nà àwo. Ibẹ̀ la ti ń gbé ẹran Iléyá fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé iṣu tuntun àti ìrẹsì Kérésì fún wa.

Nígbà tó kan ọ̀dà, mo ra búlúù, mo sì fẹ́ kun gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pápá Nyeche di búrọ́ṣì mú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó nawọ́ sí igi tó wà ní igun ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Akòko ni igi yẹn. Nílé wa ní Ìwó, ewé akòko, orí olóyè là ń fi í lé. Lọ́dọ̀ àwọn ará ibí, igi ààlà ni. Ibi tí o bá ti rí i, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ẹnìkan parí sí. Ó ní láyé bàbá òun, igi yìí nìkan ló ń gbẹnu sọ fún ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ gé e. Ó wá ní, "My brother, iron no get mouth. Paint your side, make I paint my own. Tomorrow, no pikin go come ask question." Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo gbà. Láti ọjọ́ náà, èmi ń kun apá tèmi ní búlúù, òun ń kun apá tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé, irin kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi búrọ́ṣì kọjá sí ti ẹnìkejì.

Ìgbà ọyẹ́ la máa ń tún un ṣe. Ẹ̀yin náà mọ òjò ìlú yìí, bó bá bẹ̀rẹ̀, ó ń gbàgbé ilé. Ọyẹ́ wa ò sì gùn. Nítorí náà, bí ètè bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là báyìí, gbogbo òpópó á jí síṣẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, ariwo búrọ́ṣì onírin ló ń jí ènìyàn, ṣàrà ṣàrà lápá ọ̀tún, ṣàrà ṣàrà lápá òsì, bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń ha ìdí ìkòkò. A ó kọ́kọ́ fi òòlù kékeré kan irin níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣì le, ohùn rẹ̀ á jáde gbọnrangandan. Èyí tí ìpáàrà ti jẹ nínú, á kàn dún gbò, a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i fún jórinjórin. Lẹ́yìn náà la ó ha á, a ó fi sánpépà kọjá lórí rẹ̀, a ó fi àkísà tí a rì bọ kẹrosíìnì nù ún, a ó sì kun ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpáàrà, kí a tó wá kun àwọ̀ tí ojú ń rí. Ẹni tó bá fo ọ̀dà pupa nítorí ìkánjú, òjò àkọ́kọ́ á tú àṣírí rẹ̀, gbogbo wa á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí po. Ìyá yín á ti ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan sílẹ̀. Ìdúró la ti ń jẹ ẹ́, ọwọ́ wa ń rùn fún kẹrosíìnì, kò sì sẹ́ni tó kú.

Lọ́dún kan, ewúrẹ́ Màmá Nyeche lọ fi ara yún irin nígbà tí ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó fi ìhà kan yún un lọ́dọ̀ wọn, ó gba géètì wa tó ṣí sílẹ̀ wọlé, ó tún wá fi ìhà kejì yún un lọ́dọ̀ wa. Àwọ̀ ewé ní ọ̀tún, búlúù ní òsì, ló bá ń yan kiri òpópó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Pápá Nyeche rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ewúrẹ́ náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ti ilé méjèèjì lòun. Nígbà tí wọ́n pa á ní Kérésì, odindi itan kan ló gba ọ̀nà àwo wá sọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ jórinjórin ló máa ń pẹ́. Iná ìjọba ló fi ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe. Ìgbà kan wà tó ti gé irin tó jẹrà kúrò, ó ku kó jó tuntun sí i, ni iná bá lọ. Ihò gbàgàdà kan wà láàárín wa fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ilé méjèèjì sọ ọ́ di ilẹ̀kùn. Gàníyù bàbá yín, kékeré ni nígbà náà, ilé Màmá Nyeche ló kó lọ pátápátá. Ọbẹ̀ ẹja obìnrin náà ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn lọ́sàn-án, òun ni Màmá ń pè bí ó bá fẹ́ rán ènìyàn níṣẹ́. Ọjọ́ tí iná dé tí wọ́n dí ihò náà, bàbá yín jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun náà ló fẹ́ mọ ògiri lónìí.

Nígbà tó yá, ìlú dojú rú. Àwọn ajínigbé ń gbé ènìyàn, ọkàn ò balẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ hú ọgbà irin rẹ̀ tó mọ búlọ́ọ̀kù, a fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹnìkejì ṣe é, a ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sórí ògiri. N kò bá wọn wí o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ẹ wo òpópó náà báyìí. Ògiri ní ọ̀tún, ògiri ní òsì, jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ ń gbọ́. Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí a jọ máa ń ha irin lọ́jọ́ Sátidé. Kánópì ìsìnkú tí wọ́n ta síwájú ilé rẹ̀ ni mo rí kí n tó mọ̀ pé ó tilẹ̀ ṣàìsàn rí. Ó dùn mí wọ egungun. Ìròyìn ikú ènìyàn kì í ti ara kánópì wá láyé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín bàbá yín àti Màmá Nyeche. Pápá Nyeche kú. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, níbi tí ọgbà yìí ti kọjú sí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá Nyeche lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀ ní Omagwa. Èmi àti ìyá yín àgbà náà lọ sí Ìwó. Bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí báńkì nígbà náà, owó oṣù rẹ̀ ń rìn ín lọ́wọ́, ó sì fẹ́ ṣe opó náà lóore. Ó pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà. Wọ́n fọ́n búlúù sí ọgbà náà, apá tiwa, apá tiwọn, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti ṣe tán. Ó mọ̀ pé àwọ̀ méjì là ń kùn ún láti kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni, pé ó ti bá Pápá Nyeche lọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé, a ń já ẹrù wa sílẹ̀, nígbà tí Màmá Nyeche sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú aṣọ dúdú lára. Kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ó lọ bá ọgbà náà, ó gbé ọwọ́ lé irin, ó sì fọwọ́ tọ́ ọ lọ láti igun dé igun. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Papa Gani, my husband never dry for ground, una don carry him side?" Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ohun tí obìnrin náà rí ni pé a dúró kí ọkọ òun kú, kí á tó wá fi ọ̀dà gba ilẹ̀ rẹ̀. Ìyá yín ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbààgbà ìdílé wọn dé. Mo mú wọn lọ sídìí akòko, wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni ò mi ín, wọ́n sì gbà pé àìmọ̀kan ọmọdé ni. Màmá Nyeche náà gba ẹ̀bẹ̀ èmi àti ìyá yín. Ó ní ó ku ti ẹni tó ṣe é. Bàbá yín kọ̀ jálẹ̀. Ó ní igúnnugún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Òun ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí oore. Mo bá a sọ ọ́ títí, mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò." Etí rẹ̀ di. Màmá Nyeche mú ọ̀bẹ ìdáná rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha búlúù náà kúrò lára irin níkọ̀ọ̀kan. A ní ká ràn án lọ́wọ́, ó ní ká wọlé lọ. Láràárọ̀ la ń gbọ́ ọ̀bẹ náà láti inú yàrá, ìyá yín kì í sì í lè jẹun bí ó bá ń gbọ́ ọ. Nígbà tó ha á tán, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kun àwọ̀ ewé padà.

Láti ìgbà náà, kò pe orúkọ bàbá yín mọ́. "That your painter don come?" bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi mí. Ẹ̀yin náà ti rí i. Bí ẹ bá ti Onne tí ẹ ń gbé dé, ẹ̀yin á sáré lọ kí Màmá, bàbá yín á kọjú síwájú bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Nígbà tí ìyá yín àgbà kú, tí àwọn èrò ti túká tán, mo jókòó nínú ilé yìí, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Mo wá gbọ́ tí ẹnìkan ń fi ṣíbí kan irin. Màmá Nyeche ni, ó dúró ní ọ̀nà àwo pẹ̀lú ìrẹsì. Ó gbé e fún mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún kàn án. Títí di òní, bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, mò ń retí rẹ̀ nìyẹn. Á fi ṣíbí kan irin, èmi náà á fi kọ́kọ́rọ́ kàn án padà, olúkúlùkù á mọ̀ pé ẹnìkejì jí. Ilé tí mo wà yìí dákẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kì í gbé ibí, ẹ ò lè mọ̀. Àárò ìyá yín ń sọ mí gidi. Bí wọ́n bá mọ búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ yẹn, kí ni màá máa gbọ́ láàárọ̀?

Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé ọgbà náà ń kú lóòótọ́. Ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n, kò lè di búrọ́ṣì mú mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Èéfín dúdú tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń se epo rọ̀bì bọ́ lé wa lórí nílùú yìí, tí ẹ máa ń nù nínú imú yín, ó ń lẹ̀ mọ́ irin, òjò ń pò ó mọ́ ọn. Apá tèmi ń dán, apá tirẹ̀ ti dógùn-ún. Irin ò sì mọ ààlà tèmi àti tìrẹ. Mo kun tèmi títí, ìpáàrà ń gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ní kí n kun apá tirẹ̀ fún un. Ó ní rárá, ọwọ́ ẹnikẹ́ni láti ilé wa ò ní kan apá ọkọ òun mọ́. Bàbá yín wá dé, ó fi òòlù kan irin, ó dún gbò, ó ní ẹ̀rí nìyẹn, kí á mọ ògiri nítorí olè. Mo wò ó. Èmi ni mo bí i. Ojú ló ń tì í, kò fẹ́ máa rí obìnrin tó bọ́ ọ dàgbà ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé.

Lánàá ni mo lọ sí ọ̀nà àwo, mo sọ fún Màmá pé àwọn bíríkìlà ń bọ̀. Ó wo akòko, ó wo ẹ̀yìn ilé níbi tí ọkọ rẹ̀ wà, ó sì wọlé lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo kírun tán, mo jókòó, n kò gbọ́ ṣíbí. Ilẹ̀ mọ́ kedere, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mò ń wá bàtà kiri nígbà tí irin dún, Màmá ń kàn án kíkankíkan, ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti to nǹkan sí ọ̀nà àwo: agolo ọ̀dà aláwọ̀ ewé, búrọ́ṣì, àti ọ̀bẹ ìdáná yẹn, ọ̀bẹ tó fi ha búlúù bàbá yín kúrò. Ó ní, "Tell Gani make e come. I no want painter o. Na Gani own hand I want see." Ó pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ọdún yìí gbogbo, ó wá pe orúkọ rẹ̀. Mo di irin mú.

Èsì tó wà lápò mi nìyẹn. Àwọn búlọ́ọ̀kù ò ní ṣòfò, a ó fi wọ́n kọ́ ilé adìẹ. A ó pe jórinjórin kó wá pààrọ̀ àwọn irin tó ti jẹrà, èyí tó kù, bàbá yín ni yóò ha á. Àbẹ̀kẹ́, dìde, lọ pè é wá. Sọ fún un pé kó wọ aṣọ tó ti gbó, kó gba géètì iwájú wọlé tọ Màmá lọ, kó dọ̀bálẹ̀ kó tó fọwọ́ kan irin. Bó bá ń bi ọ́ bóyá inú ṣì ń bí Màmá, má dá a lóhùn. Kọ́kọ́ mú un wá sí ọ̀nà àwo níbí, kó dúró, kó fimú fà á: ọbẹ̀ ẹja Màmá tó ń jẹ ní kékeré yẹn ló wà lórí iná.